Riákítọ̀ ti kú, ooru rẹ̀ ò kú: èsì fún òǹkàwé wa ní Toledo

Arábìnrin kan tó ń gbé ní Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio l'Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí mi. Ó ní àwọn ará àdúgbò sọ fún òun pé iléeṣẹ́ iná núkílíà Davis-Besse, tó wà létí adágún Erie, fẹ́rẹ̀ẹ́ bú gbàù lọ́dún 2002. Ó wá béèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni? Bí ẹ̀rọ tó ń fi omi mú riákítọ̀ tutù bá kọṣẹ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ta ló tiẹ̀ ń ṣọ́ wọn? Mi ò lè gbára lé ẹni tó ń pa owó nídìí nǹkan kó tún jẹ́ òun ni yóò máa sọ fún mi pé kò séwu. Ṣé ká kó kúrò ni?"

Mo kí yín o, àti gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó ń dẹ́rù bà yín jù kúrò nílẹ̀. Davis-Besse kò fẹ́rẹ̀ẹ́ bú bí àdó olóró. Riákítọ̀, ìyẹn ìkòkò ńlá tí átọ́mù úréníọ̀mù ti ń pín kí ooru rẹ̀ lè di iná mànàmáná, kò lè bú bẹ́ẹ̀, torí úréníọ̀mù inú rẹ̀ kò le tó èyí tí wọ́n fi ń ṣe àdó. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ ni pé orí ìkòkò riákítọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lu, kí omi tó ń mú un tutù tú jáde tìbínú-tìbínú. Ìyẹn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ó tiẹ̀ burú ju ohun tí àwọn ará àdúgbò yín sọ lọ, torí pé àmì rẹ̀ ti wà nílẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan kó tó di pé ẹnikẹ́ni pè é ní wàhálà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nípa riákítọ̀ ni pé kò ṣeé pa tán. Tí àwọn ọ̀pá ìdarí bá já wọlé láti òkè, pípín tí átọ́mù úréníọ̀mù ń pín yóò dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àfọ́kù átọ́mù tó ti pín ṣáájú ṣì ń tú ooru jáde, kò sì sí bọ́tìnì tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ tí ìyẹn yóò fi dúró. Ẹ wo aárò ìdáná: tí ẹ bá fa gbogbo igi jáde lábẹ́ ìkòkò, ẹyín iná tó kù nílẹ̀ ṣì máa se ọbẹ̀ yẹn lọ, bí omi inú rẹ̀ bá sì gbẹ, ó jóná nìyẹn. Tí Davis-Besse bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ooru rẹ̀ tó nǹkan bíi 2,800 mẹ́gáwáàtì. Bíi ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi 900, ló ń di iná mànàmáná. Ní kété tí wọ́n bá pa á, ooru tó kù jẹ́ bíi ìdá 6 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún, ó lé ní 160 mẹ́gáwáàtì. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ti wálẹ̀ sí bíi ìdá kan àti ààbọ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò tó ìdá kan mọ́, síbẹ̀ ó ṣì lé ní mẹ́gáwáàtì 10. Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn kọjá lára àwọn ọ̀pá úréníọ̀mù yẹn. Bí omi bá wọ́n, ọ̀pá á gbóná títí tí irin sìkóníọ̀mù tí wọ́n fi wé wọn lára yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá oruku omi, ìyẹn omi tó ti hó di èéfín, jà, gáàsì háídírójìn á jáde, lẹ́yìn náà úréníọ̀mù fúnra rẹ̀ á yọ́. Háídírójìn yẹn ló bú ní iléeṣẹ́ núkílíà Fukushima ní Japan, kì í ṣe riákítọ̀.

Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé "a lè pa á nígbàkigbà", òótọ́ ló sọ, àmọ́ kò tíì dáhùn ìbéèrè yín. Ìbéèrè náà ni: lẹ́yìn tí ẹ bá pa á, kí ló máa gbé omi dé ibẹ̀, kí ló máa gbé iná dé ìdí pọ́ọ̀ǹpù, tí ìyẹn náà bá kọṣẹ́ ńkọ́?

Omi mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ ní Davis-Besse. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń kọjá nínú riákítọ̀ gan-an. Ìfúnpá rẹ̀ lé ní pọ́n-ùn 2,100 lórí ínṣì kan níbùú lóròó, ìdí nìyẹn tí kì í fi í hó bó tilẹ̀ gbóná kọjá 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi yìí ń gbé ooru lọ sínú ìkòkò ńlá méjì tí wọ́n ń pè ní ìkòkò oruku, níbi tí omi kejì ti ń di oruku tó ń yí tọ́báìnì, ẹ̀rọ tí yíyí rẹ̀ ń mú iná mànàmáná wá. Omi kẹta, tí adágún Erie ń pèsè, ló ń sọ oruku yẹn padà di omi. Bí omi kejì bá dá, omi àkọ́kọ́ kò ríbi sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ gan-an nìyẹn ní òru ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 1985, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ díẹ̀, torí mo rò pé òun ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ jù nípa ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìmútutù.

Ó lé díẹ̀ ní aago kan ààbọ̀ òru. Ọ̀kan nínú àwọn pọ́ọ̀ǹpù ńlá tó ń fa omi lọ sínú ìkòkò oruku dákẹ́. Fáàfù oruku pa ara wọn láìnídìí, pọ́ọ̀ǹpù kejì náà kò rí oruku tó ń yí i mọ́. Òṣìṣẹ́ kan nínú yàrá ìdarí fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ jí àwọn pọ́ọ̀ǹpù ìpàjáwìrì kí wọ́n tó dìde fúnra wọn. Ó na ọwọ́, ó tẹ bọ́tìnì méjì. Bọ́tìnì tó tẹ̀ kọ́ ló yẹ. Ohun tí èyí tó tẹ̀ sọ fún ẹ̀rọ ni pé páìpù ìkòkò oruku méjèèjì ti bẹ́, ẹ̀rọ náà gbọ́ràn, ó sì ti fáàfù omi ìpàjáwìrì pa mọ́ ìkòkò méjèèjì. Àwọn pọ́ọ̀ǹpù ìpàjáwìrì méjèèjì, tí oruku náà ń yí, sáré jù, wọ́n sì já, ìyẹn ni pé wọ́n pa ara wọn. Nígbà tó ṣàtúnṣe bọ́tìnì, àwọn fáàfù tó ti pa kọ̀, wọn ò ṣí láti yàrá ìdarí. Ìkòkò oruku méjèèjì ń gbẹ lọ.

Ohun tó yọ wọ́n ni ẹsẹ̀ àti ọwọ́ èèyàn. Àwọn òṣìṣẹ́ sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀, sí àwọn yàrá tí wọ́n ti fi ṣéènì àti àgádágodo tì, wọ́n fi ọwọ́ yí fáàfù, wọ́n fi ọwọ́ tún tọ́báìnì tó ń yí àwọn pọ́ọ̀ǹpù tó já náà tò. Ọ̀gá kan sáré lọ jí pọ́ọ̀ǹpù kékeré kan tí wọ́n máa ń lò nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan riákítọ̀, tí wọ́n ti yọ fíùsì rẹ̀ kúrò tẹ́lẹ̀. Ó fi fíùsì padà sí i, ó ṣí fáàfù rẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Láàárín gbogbo èyí, fáàfù tó máa ń tú ìfúnpá jáde lórí omi àkọ́kọ́ ṣí, kò sì padà pa dáadáa. Wọ́n ní láti fi fáàfù mìíràn dí i. Láàárín ìdajì wákàtí, omi ti padà, kò sí úréníọ̀mù tó yọ́. Síbẹ̀ wọ́n ti iléeṣẹ́ náà pa fún ohun tó lé lọ́dún kan.

Ohun tó ṣe pàtàkì nínú ìtàn yẹn fún mi kì í ṣe bọ́tìnì tí ẹnì kan tẹ̀ ṣì. Lágogo òru, nínú ariwo, ta ni kò lè tẹ̀ ẹ́ ṣì? Ohun tó jẹ mí lógún ni pé lórí ìwé, pọ́ọ̀ǹpù ìpàjáwìrì méjì ni wọ́n ní, àmọ́ oruku kan náà ló ń yí méjèèjì, ìdí kan náà ló sì mú méjèèjì já láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá ní méjì tó jọra pátápátá, tí ohun kan ṣoṣo lè pa méjèèjì, ọ̀kan péré lẹ ní. Lẹ́yìn ọdún 1985 ni wọ́n fi pọ́ọ̀ǹpù kan kún un tó jẹ́ pé iná mànàmáná ló ń yí i. Ìgbà tí wọ́n ní oríṣi méjì nìyẹn ní tòótọ́. Ohun kan náà ló pa Fukushima ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011: jẹnẹrétọ̀ 13 ni wọ́n ní, wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn sí ìsàlẹ̀ ilé, ìgbì òkun kan ṣoṣo tó ga tó nǹkan bíi mítà 14 wọlé, ọ̀kan ṣoṣo péré, ti riákítọ̀ kẹfà, ló ń ṣiṣẹ́ lọ.

Èmi ò fẹ́ kí ẹ rò pé Davis-Besse kì í ṣe dáadáa rí o. Lọ́jọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1998, ìjì tọ̀nédò bọ́ lu ọgbà rẹ̀, ó já gbogbo okùn iná tó ń wọlé láti ìta. Riákítọ̀ pa ara rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ dísù dìde, ó gbé pọ́ọ̀ǹpù títí iná ìta fi padà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí ẹ ò fi gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará àdúgbò.

Ó wá ku 2002.

Lórí ìkòkò riákítọ̀ ni ìdérí irin kan wà tó nípọn ju ínṣì mẹ́fà lọ. Wọ́n dá ihò 69 sí i, wọ́n sì ki ọrùn páìpù bọ ihò kọ̀ọ̀kan. Àárín wọn ni ọ̀pá ìdarí ń gbà wọlé. Omi àkọ́kọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní bórìkì ásíìdì nínú, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i ni, torí ó ń gbé nútúrọ́ọ̀nù, àwọn ẹyọ tíntìntín tó ń mú kí átọ́mù pín, mì, ó sì ń bá wọn dín iṣẹ́ átọ́mù kù. Tí omi náà bá wà nínú, kò séwu, nítorí irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi tẹ́ inú ìkòkò. Tó bá jò síta, omi á gbẹ, ásíìdì á ki, á sì dojú kọ irin lásán. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí irú riákítọ̀ yìí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2001, wọ́n rí i ní iléeṣẹ́ Oconee, ní South Carolina, pé àwọn ọrùn páìpù yìí ń sán, pé sísán ọ̀hún ń yí po ọrùn náà. Tó bá yí po tán, ìfúnpá inú ìkòkò á ta ọrùn páìpù náà jáde. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ àwọn iléeṣẹ́ núkílíà, NRC, kọ̀wé sí gbogbo wọn ní oṣù kẹjọ: ẹni tí irú rẹ̀ bá jọ ti Oconee gbọ́dọ̀ yẹ orí riákítọ̀ rẹ̀ wò kó tó di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ilé iṣẹ́ kan náà ló kọ́ Davis-Besse àti Oconee. Àmọ́ àwọn tó ni Davis-Besse ní àwọn ti ṣètò láti pa á fún ìtọ́jú ní oṣù kẹta ọdún 2002, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn dúró dìgbà yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ NRC ti kọ ìwé àṣẹ sílẹ̀ láti fipá pa á. Wọn ò fi ìwé náà ránṣẹ́. Wọ́n jókòó dúnàádúrà, wọ́n fi àdéhùn sí ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 2002.

Ohun tí iléeṣẹ́ náà ní nínú fáìlì tirẹ̀ nígbà tó ń dúnàádúrà nìyí. Láti nǹkan bí ọdún 1999, àsẹ́ tó wà lára ẹ̀rọ tó ń wọn ìtànṣán nínú ilé riákítọ̀ ti ń dí. Àsẹ́ tí wọ́n ń pààrọ̀ lóṣooṣù tẹ́lẹ̀, ó di ohun tí wọ́n ń pààrọ̀ lọ́jọ́ méjì-méjì. Ohun tó ń dí i sì ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú, ìpẹtà irin ni. Àwọn ẹ̀rọ tó ń tu afẹ́fẹ́ inú ilé náà lára kún fún ìyẹ̀fun funfun, wọ́n ń fọ̀ ọ́ lemọ́lemọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2000, ẹnì kan ya fọ́tò orí riákítọ̀: ásíìdì tó ti gan, tó pọ́n rẹ̀dẹ̀rẹ̀dẹ̀, ń ṣàn wálẹ̀ láti inú àwọn ihò kékeré tí wọ́n fi ń yọjú wo abẹ́ ìbòrí tó bo ìdérí náà. Láti ọdún 1990 ni wọ́n ti dábàá pé kí wọ́n gé ihò tó tóbi sí ìbòrí yẹn kí èèyàn lè rí inú rẹ̀ dáadáa kó sì fọ̀ ọ́. Wọ́n ń sún un síwájú lọ́dọọdún. Bórìkì ásíìdì funfun ni tó bá jáde. Tó bá ti pọ́n, irin ló ń jẹ. Kò sí ohun tó ṣòro nínú ìyẹn.

Nígbà tí wọ́n pa á tán tí wọ́n ń tún ọrùn páìpù kẹta ṣe ní oṣù kẹta ọdún 2002, bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀rọ ìgbẹ́rin kúrò, ọrùn páìpù náà mì, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ohun tó yẹ kó há gádígádí sínú irin tó nípọn tó bẹ́ẹ̀! Wọ́n fọ ásíìdì kúrò, wọ́n wò ó. Irin ti lọ. Ihò kan ti wà níbẹ̀ tó fẹ̀ tó ínṣì mẹ́rin sí márùn-ún, ó gba gbogbo nínípọn ìdérí náà kọjá. Ohun kan ṣoṣo tó kù láàárín ìfúnpá 2,100 yẹn àti òde ni awọ irin tí kì í dípẹtà tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀, tí kò tó ìdajì ínṣì. Wọn ò ṣe é láti gbé ìfúnpá kankan. Kí ásíìdì má baà kan irin ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Tó bá bẹ́ ńkọ́? Ó yẹ kí pọ́ọ̀ǹpù ìpàjáwìrì máa da omi padà sínú riákítọ̀, kí omi tó dà sílẹ̀ ṣàn sínú kòtò kan nísàlẹ̀, kí pọ́ọ̀ǹpù fà á níbẹ̀ kó tún dà á padà. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá fara balẹ̀ yẹ gbogbo nǹkan wò lẹ́yìn 2002, wọ́n rí i pé àsẹ́ ẹnu kòtò náà kéré jù, pé ọ̀dà tó bó àti owú tí wọ́n fi wé páìpù lè dí i, pé ìdọ̀tí tó bá sì kọjá lè ba inú àwọn pọ́ọ̀ǹpù jẹ́. Ẹ rí i báyìí pé ohun tí wọ́n ń pè ní ààbò kejì náà kò dá wọn lójú. Wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe, wọ́n sọ àsẹ́ náà di ńlá lọ́pọ̀ ìlọ́po, wọ́n sì ra ìdérí riákítọ̀ mìíràn lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan ní Michigan tí wọn ò kọ́ parí. Riákítọ̀ náà kò tún ṣiṣẹ́ títí di oṣù kẹta ọdún 2004. Ọ̀sẹ̀ méje tí wọ́n dúnàádúrà lé lórí, ọdún méjì ló gbà lọ́wọ́ wọn, pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là.

Mo ti pẹ́ lórí èyí, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè yín kejì wà: ta ló ń ṣọ́ wọn? NRC ni. Nínú ọgbà iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán olùbẹ̀wò méjì ló máa ń ní ọ́fíìsì níbẹ̀, tí wọ́n ń wọlé lójoojúmọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣípò padà kó tó ju ọdún méje lọ kí wọ́n má baà di ọ̀rẹ́ àwọn tí wọ́n ń ṣọ́. Àwọn olùbẹ̀wò wà ní Davis-Besse náà. Àwọ̀ mẹ́rin ni NRC fi ń dá iṣẹ́ wọn mọ̀: àwọ̀ ewé ló dára jù, funfun àti òféèfé tẹ̀ lé e, pupa ló burú jù. Ní àkókò tí ásíìdì ń jẹ irin yẹn, àwọ̀ ewé ni wọ́n fún Davis-Besse. Lẹ́yìn ìgbà tí ihò ti yọ ni wọ́n fún un ní pupa.

Ọ́fíìsì tó ń ṣèwádìí inú NRC fúnra rẹ̀ gbé àbájáde jáde ní ìparí ọdún 2002. Ó ní ìdí pàtàkì tí àjọ náà fi gbà kí wọ́n dúró di oṣù kejì ni pé kò fẹ́ kó ná iléeṣẹ́ náà lówó jù. Ó tún ní, láìkọ ọ́ sínú òfin kankan, àjọ náà ti ń béèrè ẹ̀rí tó dájú gbáà pé ewu wà kó tó lè pa riákítọ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ dá dúró sí. Ẹni tó ń ṣọ́ iléeṣẹ́ núkílíà kò gbọ́dọ̀ máa wá ẹ̀rí pé nǹkan ti bàjẹ́. Ẹni tó ni iléeṣẹ́ ló yẹ kó mú ẹ̀rí wá pé nǹkan ò bàjẹ́, tí kò bá sì rí ẹ̀rí mú wá, kó pa á kó lọ wò ó. Ní 2001, ẹrù yẹn wà lórí ejìká tí kò tọ́. Ẹ̀rí ò lè sí láìwo orí riákítọ̀, wọn ò sì lè wo orí riákítọ̀ láìpa á, nítorí náà béèrè ẹ̀rí kí wọ́n tó pa á túmọ̀ sí pé kò ní sí ẹ̀rí rárá.

Iléeṣẹ́ náà jìyà rẹ̀. NRC bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 5.45 dọ́là fún un ní 2005, èyí tó pọ̀ jù tí ó bù fún ẹnikẹ́ni títí di ìgbà yẹn. Ní 2006, ó gbà láti san mílíọ̀nù 28 dọ́là nínú àdéhùn pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ òun mọ̀ọ́mọ̀ fún NRC ní ọ̀rọ̀ tí kì í ṣòótọ́.

Tí ẹ bá rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohun tí wọ́n rí ní Davis-Besse kò dé ibi tó yẹ, ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1977, nígbà tí riákítọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, fáàfù tó ń tú ìfúnpá jáde ṣí, ó kọ̀ kò pa. Ó gbà wọ́n tó bíi ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó mọ̀. Agbára tí riákítọ̀ wà lórí rẹ̀ kò tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ló yọ wọ́n. Ẹnjiníà kan nínú iléeṣẹ́ tó kọ́ riákítọ̀ náà kọ̀wé ní oṣù kejì ọdún 1978 pé kí wọ́n sọ fún gbogbo àwọn tó ń lo irú rẹ̀ kí wọ́n má pa pọ́ọ̀ǹpù ìpàjáwìrì tí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀. Ìwé náà ń yí káàkiri láàárín ọ́fíìsì. Olùbẹ̀wò NRC kan, James Creswell, tí ọ̀rọ̀ Davis-Besse ń jẹ lọ́kàn, kò rí ẹni gbọ́ tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ó fúnra rẹ̀ lọ bá àwọn kọmíṣọ́nnà àjọ náà ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1979. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní Three Mile Island ní Pennsylvania, fáàfù irú kan náà ṣí, ó kọ̀ kò pa. Iná pẹpẹ ìdarí ní ó ti pa, torí pé àṣẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fáàfù ni iná náà ń sọ, kì í ṣe ohun tí fáàfù ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ dín omi ìpàjáwìrì kù. Ó lé ní wákàtí méjì kí wọ́n tó dí i. Nǹkan bí ìlàjì úréníọ̀mù inú rẹ̀ yọ́.

Ẹ má rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni. Ní Japan ṣáájú 2011, àjọ tó ń ṣọ́ ààbò wà lábẹ́ mínísírì kan náà tó ń polówó iná núkílíà. Ìṣirò tí iléeṣẹ́ TEPCO, tó ni Fukushima, ṣe ní 2008 ti fi hàn pé ìgbì lè ga ju mítà 15 lọ ní Fukushima. Wọn ò mọ odi kankan. Ọdún 2012 ni wọ́n tó dá àjọ mìíràn sílẹ̀ tó dá dúró. Èyí sì kàn wá nílé náà díẹ̀: Nàìjíríà ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé òun fẹ́ kọ́ riákítọ̀ ńlá ní Geregu àti Itu. Kékeré kan tí wọ́n fi ń ṣèwádìí ní yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria la ní báyìí, ooru rẹ̀ kò tó 40 kílówáàtì, omi inú kànga rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀ láìsí pọ́ọ̀ǹpù. Ti Geregu kò ní rí bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá dé ìdí ọ̀rọ̀ náà, àjọ NNRA tó ń ṣọ́ ọ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè nípa rẹ̀: ta ló ń yan ọ̀gá rẹ̀, ṣé ó lè pa á láìtọrọ àyè.

Ní ti Davis-Besse lónìí: ó ṣì ń ṣiṣẹ́, iléeṣẹ́ Vistra ló ni ín láti 2024, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì máa dé 2037. Ìdérí tí wọ́n rà láti Michigan náà sán ní 2010, wọ́n rọ́pò rẹ̀ ní 2011 pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi irin tó le jù ṣe ọrùn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gé ògiri kọnkéré láti gbé e wọlé, wọ́n bá ìlà sísán nínú ògiri náà. Àlàyé iléeṣẹ́ ni pé yìnyín ńlá ọdún 1978 ló fà á, torí wọn ò kun ún ní ọ̀dà tó ń lé omi. Ẹ lè gbà á tàbí kẹ́ ẹ má gbà á. NRC gbà á, wọ́n sì ń yẹ ògiri náà wò láti ìgbà náà. Lẹ́yìn Fukushima, gbogbo iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà ní láti ní pọ́ọ̀ǹpù àti jẹnẹrétọ̀ tó ṣeé gbé kiri, wọ́n sì ní ibi ìkó-ẹrù méjì, ní Memphis àti Phoenix, tó lè gbé irú rẹ̀ dé ibikíbi láàárín wákàtí 24. Mo ka ìyẹn sí ìlọsíwájú tó tóbi jù látìgbà náà, torí oríṣi mìíràn ni, kì í ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì ohun tó ti wà.

NRC máa ń ṣe ìpàdé lórí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, ó ṣí fún gbogbo èèyàn, ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀ sì wà níta fún kíkà. Ẹ lọ, torí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ má béèrè bóyá kò séwu. Gbogbo wọn á ní kò sí. Ẹ béèrè àwọn iṣẹ́ àtúnṣe tí wọ́n ti sún síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ló fà á, ta ló fọwọ́ sí i. Láti 1990 ni ìdáhùn sí 2002 ti wà lábẹ́ ìbéèrè yẹn.

Ní ti kíkó kúrò, èmi ò ní kó. Agbègbè tí wọ́n ti ṣètò pé kí èèyàn sá tàbí kó wọlé mọ́ ara rẹ̀ jẹ́ máìlì 10 yí iléeṣẹ́ náà ká; Toledo jìnnà ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Ohun tó kàn yín ni agbègbè máìlì 50, tí wọ́n ti ń ṣọ́ oúnjẹ àti omi tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, torí adágún Erie kan náà ni omi ẹ̀rọ yín ti ń wá. Ẹ̀yin tí ẹ mu omi inú ike lọ́dún 2014 nígbà tí ewédò bo adágún náà, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ tọ́jú omi mímu ọjọ́ mélòó kan sílé. Tí ẹ bá ní mọ̀lẹ́bí lápá Oak Harbor tàbí Port Clinton, nítòsí iléeṣẹ́ náà, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n béèrè oògùn potassium iodide lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìlera wọn: kì í ṣe ààbò fún gbogbo ìtànṣán, ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) nìkan ló ń dáàbò bò lọ́wọ́ áyódíìnì olóró, ìgbà tí ìjọba bá sì ní kí wọ́n lò ó nìkan ni kí wọ́n lò ó, àwọn ọmọdé ni kó kọ́kọ́ dé ọwọ́ wọn.